Rọ́bà Síkẹ́ẹ̀tì Mi Tó Wà Nínú Láptọ́ọ̀pù Bàbá

Wọ́n yọ rọ́bà ìbàdí síkẹ́ẹ̀tì Iléyá mi, wọ́n fi ṣe bẹ́líìtì láptọ́ọ̀pù, láti ọjọ́ náà títí di òní, ẹnì kan ò bẹ̀ mí.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ jù. Bàbá mi gan-an sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo dá a sílẹ̀ nílé láìpẹ́ yìí. Wọ́n jókòó sórí àga wọn lábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n ní, "Ràfíátù, ìwọ tó ò ń kọ́ àwọn ọmọ ní yunifásítì, síkẹ́ẹ̀tì lo ṣì ń sunkún lé lórí?" Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Síkẹ́ẹ̀tì ni. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí ẹ̀yin àgbà ṣe mí bẹ́ẹ̀, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń rojọ́. Ní báyìí, mo ti kàwé débi pé mo lè tò ó ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Síkẹ́ẹ̀tì náà jẹ́ aláwọ̀ ewé, ó ní òdòdó funfun wẹ́wẹ́ létí ìsàlẹ̀, télọ̀ kan ní Òmù-Àrán ló rán an. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta ló wà ní ìbàdí rẹ̀, wọ́n tò léra wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ojú ọ̀nà tirẹ̀. Mẹ́ta ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi iye yẹn sọ́kàn.

Agbo ilé wa ní Èsìẹ́ kì í dákẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, búútà á ti máa kanra wọn gbà-gbà létí ògiri bí àwọn ọkùnrin ṣe ń ṣàlùwàlá, ìgbálẹ̀ ìyá mi á ti bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà títí dé ìdí máńgòrò, ọ̀kadà tó ń kó iṣu bọ̀ láti oko á sì máa hó lójú títì. Ṣùgbọ́n ohùn tó jẹ́ ti ilé wa gan-an ni ti odó ìrọ̀lẹ́. Lọ́dọ̀ tiwa, bí oòrùn bá ń wọ̀ tí wọn ò gbúròó ọmọ odó nílé kan, àwọn ará àdúgbò á yà wá béèrè bóyá ara ẹnì kan ò yá. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, kò mọ oúnjẹ ìrọ̀lẹ́ mìíràn ju iyán lọ. Bí a bá gbé ohun mìíràn síwájú wọn, wọ́n á jẹ ẹ́, wọ́n á nu ẹnu, wọ́n á wá béèrè ìgbà tí oúnjẹ máa délẹ̀. Èyí ni ilé tí láptọ́ọ̀pù wọ̀, tó sì pa á lẹ́nu mọ́.

Ọ̀rẹ́ Bàbá kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Ìlọrin ló fún wọn, nígbà tí wọ́n ń kó àwọn ẹrù àtijọ́ dànù. Bàbá jẹ́ tíṣà, wọ́n sì ti ń sọ láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú pé àwọn á kọ ìwé. Ẹ̀rọ náà wúwo tó iṣu ńlá mẹ́ta. Kò ní ibi tó ń pa nǹkan mọ́ sí nínú ara rẹ̀. Gbogbo ohun tí èèyàn bá kọ, inú dísíkẹ́ẹ̀tì ló ń lọ, ìyẹn ike pẹlẹbẹ dúdú kan tí kò tó àtẹ́lẹwọ́, tí wọ́n ń tì bọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bó bá ti wọlé, ẹ̀rọ á ké kẹ̀rẹ̀-kẹ̀rẹ̀-kẹ̀rẹ̀ bí adìẹ tó fẹ́ yé, á wá máa kùn. Bàbá ní odó ń mi tábìlì, kò sì yẹ kí tábìlì máa mì nígbà tí ẹ̀rọ bá ń kùn. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n sì máa ń kọ̀wé, nítorí ìgbà yẹn ni wọ́n ń ti ilé ìwé dé. Bí iyán ṣe kúrò nílé wa nìyẹn o. Fún ohun tó lé ní oṣù mẹ́wàá, ẹ̀kọ ni Ìyá Àgbà ń jẹ lálaalẹ́, wọ́n á dì í mú lọ́wọ́, wọ́n á máa wò ó bí ẹni tí wọ́n fún ní ẹrù ẹlẹ́rù. "Àjàní ọmọ mi ń kọ̀wé," ni wọ́n máa ń sọ fún ẹni tó bá yà wá béèrè bóyá ara ẹnì kan ò yá. "Ìwé yẹn á dára, torí a ti fi ebi sin ín."

Ìwé wo ni? Ìwé lórí àwọn ère òkúta ìlú wa ni. Ẹnikẹ́ni tó bá ti dé Èsìẹ́ á béèrè ohun kan náà: ta ló gbẹ́ wọn? Gbogbo ilé ló sì ní ìdáhùn tirẹ̀, kò sí méjì tó bára mu. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, Alájì Sàká, tó jẹ́ olórí àwọn àgbà àdúgbò wa, tó sì fẹ́ràn kó máa fi Bàbá ṣẹ̀fẹ̀, ké mọ́ wọn níwájú èrò: "Tíṣà, ìwé ọ̀hún ńkọ́? Àbí àwọn ère yẹn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dìde kí wọ́n wá bá ọ kọ ọ́?" Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Bàbá tún fìlà dé, wọ́n ní, "Alájì, mo ti mọ ẹni tó gbẹ́ wọn. Ó wà nínú ìwé mi." Alájì Sàká ní, "Ó dáa. Lọ́jọ́ Iléyá, tí a bá ti pín ẹran tán, èmi àtàwọn àgbà á wá sílé rẹ. Wàá kà á fún wa." Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ náà di ti gbogbo àdúgbò. Èmi pàápàá ń yan ní ilé ìwé. Ọmọ ẹni tó mọ ẹni tó gbẹ́ ère ni mí.

Ọ̀sẹ̀ méjì sí Iléyá, ẹ̀rọ daṣẹ́ sílẹ̀. Mo wà níbẹ̀. Bàbá ti dísíkẹ́ẹ̀tì bọ̀ ọ́, a ń retí kẹ̀rẹ̀-kẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kàn ń hó fììì lásán bí ẹni tí imú rẹ̀ dí, ó wá kọ ọ̀rọ̀ òyìnbó kan sójú pé òun kò rí nǹkan kan kà. Wọ́n ránṣẹ́ pe Bọ̀ọ̀dá Múfú, àbúrò Bàbá, tó ń tún rédíò ṣe nítòsí gárèèjì Òmù-Àrán. Bọ̀ọ̀dá Múfú dé pẹ̀lú àpò irinṣẹ́ wọn, wọ́n tẹ́ aṣọ sílẹ̀, wọ́n tú súkúrúù mẹ́rin tó de ìdérí ibi tí dísíkẹ́ẹ̀tì ń wọ̀. Mẹ́rin. Ẹ fi ìyẹn náà sọ́kàn. Wọ́n fi sukurudíráfà nàka sí inú rẹ̀, wọ́n ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ wò ó. Ẹ̀ńjìnnì kékeré rèé. Àgbá tó ń yí dísíkẹ́ẹ̀tì rèé. Bẹ́líìtì ló so wọ́n pọ̀, gẹ́gẹ́ bíi ti kásẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀ńjìnnì ń yí, ṣùgbọ́n bẹ́líìtì ti yọ́." Òótọ́ ni. Ohun tó yẹ kó jẹ́ bẹ́líìtì ti di nǹkan dúdú kan tó ń fà bíi ṣingọ́ọ̀mù, ó lẹ̀ mọ́ gbogbo ibẹ̀. Wọ́n fi òwú àti sípíríìtì nù ún títí ó fi mọ́. Wọ́n ní kò le rárá, bẹ́líìtì tuntun ló kù.

Ìyá mi ló kọ́kọ́ jìyà. Ìyá mi ní rédíò oníkásẹ́ẹ̀tì kan tó fi ń gbọ́ wàásí bó bá ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí, kí Bọ̀ọ̀dá Múfú sì tó sọ̀rọ̀ tán ni ojú wọn ti dé ibi tí rédíò náà wà. Ní ilé wa, ìyàwó kì í pe orúkọ ọmọ tó bá nílé ọkọ, nítorí náà "Akọ̀wé" ni ìyá mi ń pe Bọ̀ọ̀dá Múfú, bí wọn ò tiẹ̀ jókòó kẹ́kọ̀ọ́ tán rí. "Akọ̀wé mi," ni ó sọ, Sẹ́fíù àbúrò mi, tí kò tíì lè rìn, wà lẹ́yìn rẹ̀, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan wàásí mi." Bọ̀ọ̀dá Múfú dá a lóhùn pé, "Ìyàwó wa, ọ̀la ni màá dá a padà. Ààfáà tó wà nínú rẹ̀ ò ní sá lọ." Wọ́n yọ bẹ́líìtì rẹ̀, wọ́n fi òwú ìránṣọ wọn àyíká àgbá méjèèjì, wọ́n rí i pé ó bá a mu. Wọ́n fi sí i, wọ́n tanná sí i láìfi dísíkẹ́ẹ̀tì bọ̀ ọ́. Ó yí! Ó ń yí bí òkòtó. Bọ̀ọ̀dá Múfú na ọwọ́ sí Bàbá: "Ẹ mú dísíkẹ́ẹ̀tì wá, ẹ jẹ́ kó kà á." Bàbá fọwọ́ bo àpò agbádá wọn níbi tí dísíkẹ́ẹ̀tì wà. "Rárá o. Ẹ̀rọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbádùn, ẹ jẹ́ kó sinmi di àárọ̀." Gbogbo wa gbà pé ọgbọ́n ni. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí wọ́n tanná sí i lójú gbogbo ilé, àgbá ò yí mọ́. Ẹ̀ńjìnnì ń sáré, bẹ́líìtì ń yọ̀ tẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀ bí ẹni tó dúró sórí ọṣẹ.

Ohun tí a ò mọ̀ nígbà náà ni màá sọ báyìí. Ní ilé wa, òrí ni a fi ń tọ́jú gbogbo ohun tó bá lè gbẹ tàbí kó sán. Òrí là ń fi sí imú ọmọdé tí òtútù mú, òrí là ń fi pa ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà lọ́yẹ́, òrí ni wọ́n ń fi pa awọ ìbòrí àga Bàbá, òrí ni wọ́n fi pa ọwọ́ ilẹ̀kùn tó ń dún. Nígbà tí Ìyá Àgbà gbọ́ pé rọ́bà àtijọ́ bàjẹ́ nítorí ọjọ́ orí, wọ́n mọ ohun tó yẹ kí àwọn ṣe. Lẹ́yìn àsùbá, wọ́n gé òrí lára èyí tí wọ́n ń kó sínú igbá, wọ́n fi pa bẹ́líìtì tuntun náà dáadáa, wọ́n pa á lójú, wọ́n pa á lẹ́yìn, wọ́n fi èyí tó kù ra àgbá méjèèjì. Ìyá Àgbà fúnra wọn ló sọ fún mi, nígbà tí mo ti wà ní yunifásítì, ọdún díẹ̀ kí wọ́n tó fi wá sílẹ̀. Wọn ò sọ ọ́ bí ẹni tó ń jẹ́wọ́ o. Ńṣe ni wọ́n ń yangàn. "Àbẹ̀kẹ́, ṣé o rí ẹ̀rọ bàbá rẹ yẹn? Èmi ni mo tọ́jú ẹ̀. Mi ò jẹ́ kó gbẹ fún ọjọ́ kan ṣoṣo."

Bọ̀ọ̀dá Múfú ò mọ èyí. Wọ́n ṣí i, wọ́n fọwọ́ kàn án, wọ́n rí i pé ó ń yọ̀, wọ́n sọ pé irú rọ́bà kásẹ́ẹ̀tì yẹn a máa làágùn. Rọ́bà tó ń làágùn! Ẹni tó ti ń tún rédíò ṣe láti kékeré ló sọ ọ́, a sì gbà á gbọ́. Wọ́n nù ún, wọ́n sọ ọ́ nù, ìyá mi sì pàdánù wàásí. Wọ́n wá gé tẹ́ẹ́rẹ́ kan lára túùbù kẹ̀kẹ́ tí Bàbá ń gùn lọ sí ilé ìwé, wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ orí àti ìdí rẹ̀ pọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, ó yí. "Dísíkẹ́ẹ̀tì dà?" "Ẹ jẹ́ kó sinmi di àárọ̀." Lẹ́yìn àsùbá, òrí. Nígbà tó di àkókò ẹ̀kọ àárọ̀, ó ń yọ̀. Bàbá fẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé ìwé lọ́jọ́ náà, wọn ò sì kùn rárá. Mo rántí pé ìyá mi sọ ọ́ jáde: "Bàbá Ràfíátù, ẹ ò tiẹ̀ bínú?" Bàbá ní, "Kádàrá ni." Ọkùnrin tó máa ń bú gbogbo ilé bí ẹnì kan bá gbé páálí ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ kúrò láyè rẹ̀, òun ló ń pe kẹ̀kẹ́ tí wọ́n gé ní kádàrá. Ó yẹ kí n ti fura. Ọmọdé ni mí.

Báyìí ni a ṣe dé ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú Iléyá. Àgbò ti wà lórí ìso, ó ń ké, ìyá mi ń lọ ata, èmi sì lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi láti lọ dirí. Bọ̀ọ̀dá Múfú wọ yàrá, wọ́n rí síkẹ́ẹ̀tì mi tí wọ́n ti lọ̀, tí wọ́n gbé kọ́ sára ìṣó. Ẹ̀rí tí mo ní lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, ẹnu Bọ̀ọ̀dá Múfú gan-an ni mo ti gbọ́ ọ. Wọ́n fa rọ́bà àkọ́kọ́ yọ, wọ́n gé e, ó kúrú jù. Wọ́n fa èkejì yọ, wọ́n rọra gé e, ó gùn jù, wọ́n tún un gé, ó wá kúrú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Wọ́n fa ẹ̀kẹta yọ, wọ́n fi òwú wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí wọ́n tó gé e, ó bá a mu gẹ́lẹ́. Mo béèrè lọ́wọ́ wọn pé kí ló dé tí wọn ò wọn méjì àkọ́kọ́. Wọ́n ní, "Mo rò pé ojú mi ti mọ̀ ọ́n." Wọ́n wá ki òwú ìránṣọ lásán sí ojú ọ̀nà rọ́bà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n so ó, wọ́n dá síkẹ́ẹ̀tì padà sára ìṣó bí ẹni pé àlàáfíà ló wà. Wọ́n dá ẹ̀rọ pọ̀, ó yí. Bàbá ní kó sinmi di àárọ̀.

Ní òwúrọ̀ Iléyá, mo wọ síkẹ́ẹ̀tì, mo rí i pé ó le díẹ̀ ní ìbàdí, mo rò pé mo sanra ni. A dé yídì láti kírun. Nígbà ìforíkanlẹ̀ àkọ́kọ́, mo gbọ́ tà! Òwú kan ti já. Nígbà tí a jókòó, tà! tà! Àwọn méjì tó kù tẹ̀lé e. Láti ìgbà náà títí di ọ̀sán, ọwọ́ òsì mi ò kúrò ní ìbàdí mi. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí fún ọmọbìnrin lọ́jọ́ Iléyá. Ọjọ́ ìkúnlẹ̀ ni, ọjọ́ gbígba nǹkan lọ́wọ́ àgbà ni, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ méjèèjì ni ọmọ tí wọ́n kọ́ ń fi gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Èmi ń fi ẹyọ kan gbà á. Ní ilé àkọ́kọ́ tí mo yà kí, ìyá arúgbó kan fa ẹran rẹ̀ sẹ́yìn, ó ní, "Ọmọ tíṣà nìyí? Ọwọ́ kan?" Ní ilé kejì, wọ́n bi mí bóyá apá ń dùn mí, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n sì mú òrí, wọ́n fi pa á fún mi. Mo gba òrí dípò ẹran lọ́jọ́ Iléyá.

Ní ọ̀sán, Alájì Sàká dé pẹ̀lú àwọn àgbà mẹ́rin. Wọ́n jókòó yí Bàbá ká lábẹ́ máńgòrò. Ẹ̀rọ ti wà lórí tábìlì, ó ń hó fììì, bẹ́líìtì rẹ̀, ìyẹn rọ́bà mi, ń yọ̀ lórí òrí. Alájì na ẹsẹ̀, ó ní, "Tíṣà, a ti jẹun yó, etí ló kù. Ta ló gbẹ́ wọn?" Òógùn bo iwájú orí Bàbá. Wọ́n ní, "Alájì, ìwé wà nínú rẹ̀, ẹ̀rọ ni ò fẹ́ ṣí." Alájì ní, "Ẹ̀rọ ò fẹ́ ṣí, ṣé ẹnu tìẹ náà ò fẹ́ ṣí ni? Ìwọ lo kọ ọ́. Sọ ọ́ fún wa láìwòwé." Àwọn àgbà mi orí pé òótọ́ ni. Mi ò tíì rí ojú Bàbá bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n yíjú kiri bí ẹni tó ń wá ọ̀nà àbáyọ, ojú wọn bà lé mi. "Ràfíátù," ni wọ́n sọ, ohùn wọn dùn bí oyin, "gbé omi wá fún Alájì." Mo fi ọwọ́ kan gbé ife wá. Bàbá ní, "Ọwọ́ méjèèjì, ìwọ ọmọ yìí! Kúnlẹ̀!" Mo mi orí pé rárá. Bàbá tún sọ ọ́, ohùn wọn ti yí padà. Mo fi ọwọ́ méjèèjì di ife mú, mo kúnlẹ̀, Alájì gba omi. Nígbà tí mo dìde, síkẹ́ẹ̀tì kò bá mi dìde.

Mo ti wọ ṣòkòtò eré ìdárayá ilé ìwé mi sábẹ́ rẹ̀, èyí tó dé orúnkún, tó jẹ́ aláwọ̀ pupa. Mo dúró bẹ́ẹ̀ bí òpó, òkè mi ń ṣọdún, ìsàlẹ̀ mi fẹ́ sáré ìje. Alájì Sàká fọ́n omi ẹnu rẹ̀ dà sára àwọn àgbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́, wọ́n ń gbá a lẹ́yìn, ó ń tọ́ka sí mi, ó ń gbìyànjú láti sọ̀rọ̀, ẹ̀rín tún mú un. "Tíṣà," ni ó sọ nígbà tí èémí rẹ̀ padà, "Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí n gbàgbé ọjọ́ òní." Wọ́n gbé e dìde, wọ́n sìn ín lọ sílé. Kò sẹ́ni tó rántí ère mọ́. Gbogbo ọdún yẹn, bó bá ti rí mi, ẹ̀rín ni, bó bá rí Bàbá, á béèrè bí asáré ìje ilé wọn ṣe wà. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Iléyá náà ni odó tún dún nílé wa. Bàbá ní kí wọ́n gúnyán. Mo rántí pé wọ́n jẹ òkèlè ńláńlá, bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kúrò lórí rẹ̀.

Ní ọdún yìí, a fẹ́ kun ilé, mo wá láti Ìlọrin láti kó ẹrù jáde. Mo rí láptọ́ọ̀pù nínú àpótí Ìyá Àgbà, wọ́n fi gèlè wé e. Mo rí dísíkẹ́ẹ̀tì nísàlẹ̀ àpótí tí Bàbá ń kó tírà sí. Mi ò gbàṣẹ kí n tó mú un. Mo jẹ́wọ́ ìyẹn kí ẹlòmíràn má baà bá mi sọ ọ́. Mo ra bẹ́líìtì tó jẹ́ ti irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo sì pe Bọ̀ọ̀dá Múfú, tí wọ́n ti ń lo awò olójú méjì báyìí. A tú súkúrúù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Rọ́bà mi wà níbẹ̀, funfun rẹ̀ ti pọ́n, nǹkan kan tó ti gan pákó bí ìda sì bò ó. Bọ̀ọ̀dá Múfú fi èékánná ha á, wọ́n gbé e sí imú. "Òrí," ni wọ́n sọ. Wọ́n jókòó sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Òrí! Wọ́n ń pè mí ní Múfú Rọ́bà káàkiri Òmù-Àrán nítorí ọ̀rọ̀ yìí! Bẹ́líìtì kásẹ́ẹ̀tì yẹn dára, Ràfíátù! Ó dára láti ọjọ́ kìíní!" Nítorí náà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: wọn kò nílò síkẹ́ẹ̀tì mi rárá. A fi sípíríìtì nu àgbá méjèèjì títí òwú fi ń jáde ní funfun. Bọ̀ọ̀dá Múfú tún fi òwú ìránṣọ wọn àyíká rẹ̀, kí bẹ́líìtì kúrú jù ú lọ díẹ̀, kó lè di àgbá mú, kó má sì kúrú débi tí ẹ̀ńjìnnì á fi máa wọ́ ọ. Ó bọ́ sáyè. A tanná sí i, mo ti dísíkẹ́ẹ̀tì bọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀, láìjẹ́ kó sinmi. Kẹ̀rẹ̀-kẹ̀rẹ̀-kẹ̀rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá Múfú bú sẹ́kún.

Ìwé kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀. Ojú ewé kìíní jẹ́ àkọlé àti orúkọ Bàbá. Ojú ewé kejì jẹ́ ti ọpẹ́. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá wọn, tó fi iyán jì wọ́n. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó wọn fún sùúrù. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Mùfútáù àbúrò wọn, tó ń bá wọn gbé bátìrì lọ ṣáàjì. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Sẹ́fíù ọmọ wọn, tí ẹkún rẹ̀ kì í jẹ́ kí wọ́n sùn gbàgbé iṣẹ́. Ojú ewé kẹta ní "Orí Kìíní," lábẹ́ rẹ̀ ni ìlà kan ṣoṣo: "Ìlú wa jẹ́ ìlú kan tí". Ó tán. Mo yí i sókè, mo yí i sísàlẹ̀. Oṣù mẹ́wàá ẹ̀kọ, rédíò kan, kẹ̀kẹ́ kan, rọ́bà mẹ́ta.

Mo gbé ẹ̀rọ náà jáde sábẹ́ máńgòrò, mo gbé e ka iwájú Bàbá. Wọ́n ní, "Mò ń kọ ọ́ o. Mò ń kọ ọ́, mò ń pa á rẹ́. Gbogbo ohun tí mo bá fi tẹ̀ lé e, tí mo bá tún un kà, irọ́ ni. Mi ò mọ ẹni tó gbẹ́ wọn, Ràfíátù. Ẹnu ni mo fi sọ ọ́ fún Alájì." Mo ní, "Bàbá, ojú Ìyá Àgbà ò ríran dáadáa nígbà náà. Wọn ò fọwọ́ kan sukurudíráfà rí láyé wọn. Súkúrúù mẹ́rin ló wà lórí ìdérí yẹn. Ta ló ń tú u fún wọn láràárọ̀ lẹ́yìn àsùbá?" Bàbá wo ojú ọ̀run. Wọ́n ní, "Sẹ́fíù! Bá mi gbé búútà wá, ìrun àsárì ti tó." Sẹ́fíù wà ní Àbújá láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn.

Nítorí náà mo ń kọ ọ́ síbí, níbi tí búútà ò ti lè gbà yín sílẹ̀. Bọ̀ọ̀dá Múfú, ẹ̀yin lẹ gé rọ́bà, ẹ sì ti sunkún níwájú mi, ẹ jẹ́ kí ẹkún yẹn dúró ná. Bàbá, ẹ̀yin ni mò ń bi. Ta ló tú súkúrúù mẹ́rin? Bí ẹ bá mọ̀ pé òrí ń dúró de bẹ́líìtì yòówù kí wọ́n fi sí i, kí ló dé tí ẹ jókòó tí ẹ ń wò nígbà tí wọ́n gé tèmi? Nígbà tí ẹ ní kí n fi ọwọ́ méjèèjì gbé omi, ṣé ẹ ti rí ibi tí ọwọ́ òsì mi wà? Sẹ́fíù tí kò tíì lè rìn wà lójú ewé ọpẹ́ nítorí ẹkún. Èmi tí mo dúró níwájú àgbà márùn-ún nínú ṣòkòtò pupa kí orúkọ yín má baà bàjẹ́, ojú ewé wo ni mo wà? Mo ti fi láptọ́ọ̀pù sílẹ̀ lórí tábìlì yín. Ó ń ṣiṣẹ́, bẹ́líìtì rẹ̀ tuntun ni, kò sí òrí lára rẹ̀, gbogbo sukurudíráfà tó wà nílé sì ti bá mi dé Ìlọrin. Alájì Sàká ò sí mọ́ láti fi yín ṣẹ̀fẹ̀, odó ò sì ní mi tábìlì, mo ti bá àwọn ará ilé sọ ọ́. Ìlú wa jẹ́ ìlú kan tí kí ni, Bàbá?